Báwo ni ọ̀rọ̀ ìlékúrò-nílùú ṣe tún di ọ̀rọ̀ ìwà?
Ẹ̀yin onímọ̀ èdè, mo kí yín láti Àjàṣẹ́. Mo ń kọ ìtàn Béhanzin, ọba Dahomey, tí àwọn Faransé gbé lọ sí erékùṣù Martinique ní ọdún 1894, ní èdè Yorùbá. Ọ̀rọ̀ Faransé «déporter» kò ṣòro: lílé ènìyàn kúrò nílùú ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Faransé àtijọ́ kan, bàbá kan ń bá ọmọ rẹ̀ wí nítorí «déportements», èyí tí í ṣe ìwàkiwà. Ìwé atúmọ̀ ní «deportare» ti èdè Látìn, ìyẹn gbígbé lọ, ni orísun méjèèjì, àwọn ará Róòmù sì ń fi í pe ìjìyà gbígbé ọ̀daràn lọ sí erékùṣù. Ìyẹn yé mi. Ti ìwà ni kò yé mi. Ṣé bí ènìyàn ṣe ń gbé ara rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà sọ, kó tó di ìwàkiwà, àbí yíyà kúrò lójú ọ̀nà ni?