Ibo ni kí n ti gé ọ̀rọ̀ gígùn èdè Nọ́wè? Lẹ́tà "s" ló ń dà mí láàmú

Àdùkẹ́ Drammen

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ó ti ń lọ sí ọdún kẹta tí mo dé Drammen ní Nọ́wè níbí. Iṣẹ́ ìtọ́jú ni mo ń kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní helsefagarbeider, ilé àwọn arúgbó ni mo sì ti ń ṣe praksis, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́, báyìí. Iṣẹ́ yẹn kò le fún mi, torí èmi ni mo tọ́jú ìyá wa àgbà kí n tó kúrò nílé. Èdè ló ń fún mi ní wàhálà, pàápàá àwọn ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n so mọ́ra wọn bí ẹ̀wọ̀n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ wa ní ká fi ọwọ́ kọ ìròyìn nípa aláìsàn kan. Mo fẹ́ kọ trykksår, ìyẹn egbò tó máa ń yọ lára ẹni tó bá ti dùbúlẹ̀ sójú kan pẹ́. Ìlà ti fẹ́ tán, ni mo bá gé ọ̀rọ̀ náà. Mo kọ "trykks-" sí òpin ìlà, mo kọ "år" sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìwé padà dé ọwọ́ mi, báírò pupa ti yí "år" po, olùkọ́ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé "Hvilket år?" Ọdún wo? Torí ọdún ni år, egbò ni sår. Ojú tì mí gan-an.

Wọ́n ti kọ́ wa pé wọ́n máa ń fi s so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ti trykk ni s yẹn. Kò tán síbẹ̀ o. Lórí ìwé ètò iṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá wa, dagvakt ni iṣẹ́ ọ̀sán, kò sí nǹkan kan láàárín. Kveldsvakt ni ti alẹ́, s wà níbẹ̀. Nattevakt ni ti òru, e ló wá wà níbẹ̀. Kí ló fà á? Ìdánwò mi ti sún mọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ ibi tí ẹ ó ti gé e?

Ìyá Ìbejì, Trondheim

Àdùkẹ́, àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yìn ni kí o ti máa wo ọ̀rọ̀ wọn.

Nínú Yorùbá tiwa, nǹkan gan-an ló ń ṣáájú. Ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀: bí o bá ti gbọ́ "ilé", o ti mọ̀ pé ilé ni, èyí tó tẹ̀ lé e ló máa sọ irú ilé tó jẹ́. Àwọn ará ibí yí i padà. Sykehus: syk ni ẹni tára rẹ̀ kò yá, hus ni ilé, ilé ló kẹ́yìn. Barnehage, ibi tí mò ń gbé àwọn ìbejì lọ ní àràárọ̀: barn ni ọmọ, hage ni ọgbà. Jernbane: jern ni irin, bane ni ọ̀nà, ojú irin tí àwa náà ń wí.

Wo méjì yìí dáadáa: husbåt àti båthus. Hus ni ilé, båt ni ọkọ̀ ojú omi. Husbåt, ọkọ̀ ni, inú rẹ̀ làwọn èèyàn ń gbé bí ilé. Båthus, ilé ni, etí omi ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ pamọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì kan náà ni, àmọ́ èyí tó kẹ́yìn ló ni nǹkan. Òun náà ló ń pinnu bóyá en ni àbí et. En båt, torí náà en husbåt. Et hus, torí náà et båthus. Bí o bá sì fẹ́ sọ pé "ilé ọkọ̀ náà", ìdí ibẹ̀ náà ni wàá lẹ et mọ́: båthuset.

Nítorí náà, bí o bá dé trykksår, bi ara rẹ léèrè pé, kí ni nǹkan yìí gan-an? Ṣé ọdún ni àbí egbò? Egbò ni. Sår ló kẹ́yìn, s kò gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀. Trykk-sår.

Baba Fẹ́mi

Kà á sórí ni, ọmọ mi. Èmi kò tẹ̀ lé òfin kankan, mo sì yege Norskprøven, ìdánwò èdè Nọ́wè, ní ìpele B2.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Stavanger

Baba Fẹ́mi, ẹ má bínú sí mi, sà. Òfin wà. Kò kó gbogbo ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dùn mí pé ẹnikẹ́ni kò tètè sọ ọ́ fún mi.

Àdùkẹ́, dagvakt, kveldsvakt àti nattevakt yẹn, bí wọ́n ṣe wà láti ayébáyé nìyẹn, wàá kàn mọ̀ wọ́n bí o ṣe ń mọ orúkọ èèyàn ni. Natt pàápàá kò dúró sójú kan. Nattevakt ní e, nattbord, tábìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, kò ní nǹkan kan.

Àmọ́ bí apá àkọ́kọ́ bá parí sí -het, -ing, -sjon tàbí -skap, s ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lójoojúmọ́ lo ń rí wọn níbi iṣẹ́. Taushet ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, plikt ni ojúṣe. Taushetsplikt ni òfin tó ní kí o má sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn síta. Behandling ni ìtọ́jú, yàrá rẹ̀ ni behandlingsrom. Avdeling ni ẹ̀ka, ọ̀gá rẹ̀ ni avdelingsleder. Yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ni operasjonsstue. Kíyè sí i pé s méjì ló wà láàárín operasjonsstue yẹn: èkíní ló so wọ́n pọ̀, èkejì ni ti stue fúnra rẹ̀. Operasjons-stue. S tó ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ kì í lọ sí ìlà kejì láé, ọ̀dọ̀ apá àkọ́kọ́ ló ń dúró sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni e: natte-vakt.

Bí apá àkọ́kọ́ bá ti fi s parí tẹ́lẹ̀, wọn kì í fi òmíràn kún un. Dókítà ilé ìwòsàn ni sykehuslege. Ṣùgbọ́n sykehjem, ilé àwọn arúgbó tí o wà yẹn, m ló fi parí, ni dókítà wọn ṣe ń jẹ́ sykehjemslege.

Èyí tó ṣí mi lójú jù lọ rèé. Bí apá àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n ti so pọ̀ tẹ́lẹ̀, s sábà máa ń wọlé, kódà bí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ kúrú. Vinglass ni ife wáìnì, kò ní s. Fi "pupa" ṣáájú rẹ̀, ó di rødvinsglass. S yẹn ló ń sọ fún ojú rẹ pé ibí ni oríkèé ńlá wà: rødvin lápá kan, glass lápá kejì. Wo ti iṣẹ́ wa. Trykkmåler ni ohun tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ tó, kò ní s. Èyí tí a ń dè mọ́ apá aláìsàn láti fi wọn ìfúnpá, blodtrykksmåler ni. Blodtrykks-måler.

Ṣé o ti rí i báyìí? "Trykks" wà nínú blodtrykksmåler lóòótọ́, s yẹn sì ni alásopọ̀. "Trykks" tí ojú rẹ rí nínú trykksår kì í ṣe òun. O kò ṣe àṣìṣe òpè rárá, ibi tí òfin ti fara jọ ara wọn lo ti ṣìnà. Ọ̀nà tí Ìyá Ìbejì là sílẹ̀ ni kí o máa fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì, Oslo

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ fi èyí kún un, ó máa ń wà nínú ìdánwò. Orúkọ iṣẹ́ mi ni bussjåfør. Buss àti sjåfør ni. Bí ẹ bá ka s, ẹ ó rí i pé ó yẹ kó jẹ́ mẹ́ta, àmọ́ méjì ni wọ́n kọ. Àwọn ará ibí kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì kan náà tò ní mẹ́ta, wọ́n máa ń yọ ọ̀kan. Ibi tí mo ń dúró sí gbé èrò ni busstopp, buss àti stopp. Ọkọ̀ ojú irin òru ni nattog, natt àti tog. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń fun fèrè ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún, nígbà tí wọ́n bá ń ṣọdún òfin 1814 wọn, musikkorps ni.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gé e ní òpin ìlà, èyí tí wọ́n yọ gbọ́dọ̀ padà wá: buss-sjåfør, buss-stopp, musikk-korps.

Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè, Bergen

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Etí ni tèmi o, torí etí Yorùbá ní ohun tó pọ̀ láti fi ran ojú lọ́wọ́ níbí.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n so pọ̀, apá àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, ìyókù á wá rọra sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun ń wá norsklærer, ohùn rẹ̀ á tẹ norsk: olùkọ́ tó ń kọ́ni ní èdè Nọ́wè ló ń wá, ì báà jẹ́ ọmọ Ìbàdàn. Bí ó bá ní norsk lærer, ohùn ń dún lórí méjèèjì: olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Nọ́wè ni, ì báà máa kọ́ni ní ìṣirò. Àlàfo kékeré yẹn ṣe pàtàkì nínú ìwé. Dyreleger ni àwọn dókítà ẹranko. Tí ẹ bá kọ dyre leger, ẹ ti ń sọ̀rọ̀ àwọn dókítà tó wọ́n. Kyllinglever ni ẹ̀dọ̀ adìyẹ, kylling lever ni pé adìyẹ wà láàyè.

Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ wà nínú èdè wọn pẹ̀lú, wọn kì í kàn fi àmì sí i ni. Bønder ni àwọn àgbẹ̀, bønner ni ẹ̀wà, lẹ́nu ará Oslo ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ ọkọ̀ àti ọkọ́ kò ní pẹ́ gbọ́ ọ.

Ibi tí etí wa ti ń tàn wá jẹ ni kíka sílébù. Nínú Yorùbá, fáwẹ́lì kọ̀ọ̀kan ló ní sílébù tirẹ̀: à-ì-sàn, mẹ́ta. Àwọn ará ibí máa ń so ei, au àti øy pọ̀ mọ́ sílébù kan. Arbeid jẹ́ méjì péré, ar-beid. Ẹnu wa á fẹ́ sọ ọ́ di "a-ri-be-i-di", márùn-ún, torí àwa kì í fi kọ́ńsónáǹtì pa sílébù dé. Orúkọ iṣẹ́ yín gan-an, àǹtí, ẹ pàtẹ́wọ́ sí i: hel-se-fag-ar-bei-der, mẹ́fà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gé e lórí ìwé, ẹ wá oríkèé ṣáájú sílébù: helse-fag-arbeider. Taus-hets-plikt ni àtẹ́wọ́ mẹ́ta, taushets-plikt sì ni ibi tó dára jù láti gé e.

Bokmålsordboka, ìwé atúmọ̀ èdè wọn, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, Yunifásítì Bergen àti Språkrådet, ìgbìmọ̀ èdè Nọ́wè, ló ń bójú tó o. Èmi máa ń wá apá tó kẹ́yìn níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ o. Ẹ ṣeun.

Àdùkẹ́ Drammen

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé o. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo ka ibi blodtrykksmåler yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, ara mi wá balẹ̀. Mo bọ́ sí yàrá oògùn lónìí, mo ń ka ara páálí kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn wá. Sårkrem: krem ni, ti egbò. Hostesaft: saft ni, ti ikọ́. Ó ń wọlé.

Ẹ bá mi wo èyí tí mo gé fúnra mi: behandlings-rom, sykehus-lege, sykehjems-lege, operasjons-stue, rødvins-glass, fot-sår, nat-tog.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Stavanger

Fot-sår! Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ wò. O gbà á.

Awakọ̀ Bọ́ọ̀sì, Oslo

Natt-tog, àǹtí. T mẹ́ta. Ìyókù pé.