Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ kí ìwé kíkọ ojoojúmọ́ mọ́ mi lára

Ojú Ewé
Mo kí gbogbo ilé o. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ mi kò lè dúró. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ mi tí mo gbọ́dọ̀ kọ parí, àwọn tí mo ṣèlérí rẹ̀ fún sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ tó bá wù mí, mo lè jókòó kí n kọ ojú ìwé tó pọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ yóò gorí ọ̀sẹ̀ kí n tó tún fọwọ́ kan kálàmù. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe tí ẹ fi ń kọ̀wé lójoojúmọ́? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Gègé Àárọ̀
Ẹ kú làálàá. Ẹ kò sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, ẹ kò sì sọ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n mo rò pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí yóò wúlò fún yín. Ẹ so ìwé kíkọ mọ́ ohun kan tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀. Dípò kí ẹ sọ pé "n ó kọ̀wé lónìí", ẹ sọ pé "bí mo bá ti wẹ̀ tán láàárọ̀, n ó jókòó sídìí tábìlì, n ó sì kọ ìpínrọ̀ kan". Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1999 lórí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ó sì ṣàlàyé pé ẹni tó ti yan ìgbà àti ibi tí yóò ti ṣe nǹkan sábà máa ń ṣe é ju ẹni tó kàn ní in lọ́kàn lọ. Bí àkókò náà bá ti tó, kò sí pé ẹ tún ń bá ọkàn yín jiyàn mọ́.

Ọmọ Tádàwá
Mo fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ lókè yìí. Ọ̀kan tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí ẹ má ṣe kọ ohun tó wà nínú yín tán kí ẹ tó dìde. Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gba àwọn òǹkọ̀wé níyànjú pé kí wọ́n dáwọ́ dúró nígbà tí wọ́n ṣì mọ ohun tó kàn. Bí èmi ṣe ń ṣe é ni pé mo máa ń fi gbólóhùn tó kẹ́yìn sílẹ̀ láìparí. Mo lè kọ ọ́ pé "Nígbà tí ìyá náà tú àpò ọmọ rẹ̀, ohun tó bá níbẹ̀ ni", n ó dá a dúró síbẹ̀, n ó fi kálàmù há àárín ìwé náà, n ó sì pa á dé. Ní ọjọ́ kejì, n kì í wá ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí gbólóhùn náà ti ń dúró dè mí.

Ìwé Òfìfo
Èmi fẹ́ kìlọ̀ fún yín ni o. Ẹ má ṣe wọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń ka iye ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ lójoojúmọ́. Mo wà nínú ọ̀kan rí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Òfin wọn ni pé kí olúkúlùkù kọ 2,000 ọ̀rọ̀ lójúmọ́, kí ó sì fi iye tó kọ hàn kí ó tó di ọ̀gànjọ́ òru. Orúkọ ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé yóò di pupa lójú gbogbo wa. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé iye yẹn nìkan ni a ń lé. Mo rántí ojú ìwé kan tí ilẹ̀kùn kan náà ti ṣí lẹ́ẹ̀mẹta, tí mo ṣàpèjúwe igi rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ àti bí ó ṣe ń dún, kìkì nítorí pé ọ̀rọ̀ kò tíì pé. Nígbà tó yá, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ìgbà tí mo fi padà dé, wọ́n ti dá iye ọjọ́ tí mo ti kọ̀wé láìfò padà sí òdo, olórí ẹgbẹ́ náà sì kọ ọ́ sí gbangba pé kí ẹni tí kò bá ka iṣẹ́ sí yé fi àkókò àwọn ẹlòmíràn ṣòfò. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kí n tó lè kọ lẹ́tà lásán, nítorí bí mo bá ti rí ìwé tí kò ní nǹkan nínú, àyà mi á máa já.

Etí Ìwé
Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣé wọ́n tiẹ̀ bẹ̀ yín lẹ́yìn náà?

Ìwé Òfìfo
Wọn kò bẹ̀ mí o. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn, kí ẹlòmíràn má bàa kó sí i.

Àgbà Akọ̀wé
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ohun tí wọ́n ṣe sí ọ kò dára rárá, ṣùgbọ́n ìwà ọ̀dájú ni ó pa ọ́ lára, kì í ṣe òǹkà. Anthony Trollope, òǹkọ̀wé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, síbẹ̀ agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni ó ń jókòó ti ìwé rẹ̀, tí ó gbé aago síwájú, tí ó sì ń retí 250 ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Ìtàn àròsọ 47 ni ó fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní 1882. Bí kò bá sí òǹkà, báwo ni ènìyàn yóò ṣe mọ̀ pé òun ti ṣiṣẹ́ òòjọ́ òun?

Gègé Àárọ̀
Àgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ tán. Trollope fúnra rẹ̀ sọ pé òun ń fi £5 kún owó ìránṣẹ́ òun lọ́dún kí ó lè máa wá jí òun. Ẹni tó ń dìde fún ọmọ lóru kò ní irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sàn kí ó ka ìṣẹ́jú ju kí ó ka ọ̀rọ̀ lọ. Bí ó bá ti jókòó fún ìṣẹ́jú 15, ó ti san gbèsè ọjọ́ náà, yálà gbólóhùn méjì ni ó rí kọ tàbí ogún.

Àgbà Akọ̀wé
Ènìyàn lè fi ìṣẹ́jú 15 wo òrùlé. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí ìwé nìkan ni èmi gbà pé ó jẹ́ iṣẹ́. N kò ní yí i padà.

Ọ̀nà Kan
Ẹ ń fi èyí dá ara yín láàmú. Ẹ forí tì í fún ọjọ́ 21 péré, yóò mọ́ yín lára.

Aṣèwádìí
Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 21 yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Maxwell Maltz, oníṣẹ́ abẹ tó ń tún ojú ènìyàn ṣe, ni ó kọ ọ́ ní 1960 pé ó kéré tán, ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ 21 kí ojú tuntun tó mọ́ ẹni tí òun ṣiṣẹ́ abẹ fún lára. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London tẹ̀ lé àwọn ènìyàn 96 tí olúkúlùkù wọn yan ìwà tuntun kan tó jẹ mọ́ oúnjẹ, ohun mímu tàbí eré ìdárayá. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2009, nǹkan bí ọjọ́ 66 ni ó gba ẹni tó wà láàárín, àwọn kan lo ọjọ́ 18, ìṣirò sì gbé ti àwọn mìíràn dé ọjọ́ 254. Ìwé kíkọ le ju omi mímu lọ, nítorí náà ẹ má ṣe bínú sí ara yín bí ó bá pẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n dá iye ọjọ́ yín padà sí òdo, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìwádìí yẹn náà fi hàn pé fífo ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò ba ohun tí ènìyàn ti ń kọ́ bọ̀ jẹ́. Kò sí ohun tó sọnù lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ tí ibà dá yín dùbúlẹ̀.

Ìwé Òfìfo
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún mi rí.

Àmì Ohùn
Ẹ wá kíbọ́ọ̀dù tó ní àmì ohùn sórí fóònù yín. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí òǹkọ̀wé Yorùbá nílò, kí iṣẹ́ yín lè ṣeé kà.

Ọmọ Tádàwá
Kì í ṣe ohun tí wọ́n béèrè nìyẹn. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ òun ni, ẹni tó ń dúró fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí èrò ṣì ń ya wọlé yóò pàdánù èrò náà. Ẹ kọ ọ́ láìfi àmì sí i, kí ẹ ya àkókò mìíràn sọ́tọ̀ fún àmì.

Àmì Ohùn
Bí oṣù mélòó kan bá kọjá, ẹni tó kọ ọ́ gan-an kò ní lè ka apá kan níbẹ̀ mọ́. Mo ti rí i.

Ojú Ewé
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, mo sì ti ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ilẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé bàbá wa tó ti di olóògbé ni iṣẹ́ náà, àwọn àbúrò mi ni mo sì ṣèlérí rẹ̀ fún. Mo ti pinnu ohun tí n ó ṣe. N kò ní ka ọ̀rọ̀, n kò ní ka ìṣẹ́jú, àárọ̀ kò sì rọrùn fún mi. Lẹ́tà nìkan ni ohun tí mo máa ń kọ láìsá fún un, nítorí náà n ó máa kọ ìtàn bàbá wa sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bíi lẹ́tà ní alaalẹ́, n ó sì fi ránṣẹ́ kí n tó sùn. Ti àná ti lọ. Mo sọ fún un nínú rẹ̀ bí bàbá ṣe máa ń gbọn bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé, ó sì dá mi lóhùn pé òun ti gbàgbé.

Gègé Àárọ̀
Ọ̀nà yín nìyẹn, kò burú. Ẹ kàn bẹ ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n má ṣe tọ́ka sí àṣìṣe kankan títí tí ìtàn náà yóò fi parí, kí ẹ sì máa tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ yín kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Àgbà Akọ̀wé
Kí ẹ kọ ọjọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú.