Ọjọ́ díẹ̀ ní Fez, Mòrókò: ẹ bá wa wo ètò yìí

Aláró Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwa mẹ́rin la fẹ́ lọ sí Fez ní Mòrókò nínú oṣù Kejìlá: obìnrin mẹ́ta tó ń ta àdìrẹ ní Òṣogbo níbí, pẹ̀lú ìyá wa kan tó ti lé láàádọ́rin ọdún, tí orúnkún sì ń dà láàmú. Ìyá fẹ́ ṣe ziyara, ìyẹn ìbẹ̀wò àdúrà, ní sàárè Sheikh Ahmad Tijani tó dá ọ̀nà Tijaniyya sílẹ̀. Àwa yòókù fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ tí wọ́n sì ń pa á láró, ká sì ná ọjà díẹ̀. Físà ti wà nílẹ̀.

Ètò tá a ṣe nìyí: ká wọ bàálù láti Èkó sí Casablanca, ká dé Fez ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ká fi Sátidé wo ìlú, ká sì padà láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ṣé ó bọ́ sí i? Kí la máa wọ̀ láti Casablanca dé Fez? Irú owó wo ni ká mú dání? Ṣé ìyá á lè rìn nínú ìlú àtijọ́ yẹn, àbí ká fi wọ́n sílẹ̀ nílé tá a bá dé sí?

Ọmọ Òròkí:

Ẹ kú ètò. Ẹ fi òru kan kún un, kẹ́ ẹ sì tún ọjọ́ tò. Jímọ̀ ló fà á. Ní Fez el-Bali, ìyẹn ìlú àtijọ́ tó wà nínú odi, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ló máa ń wà ní títì lọ́jọ́ Jímọ̀, pàápàá láti ọ̀sán lọ, iṣẹ́ sì máa ń dín kù gan-an níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn gan-an ló dáa jù fún ohun tí ìyá ń wá, torí pé lẹ́yìn Alásárì ọjọ́ Jímọ̀ làwọn ará Tijaniyya máa ń pé jọ ṣe zikiri títí di Mọ̀gàríbì. Bẹ́ ẹ bá dé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ìyá ti pàdánù ìyẹn. Torí náà, ẹ wọ Fez lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ fi Jímọ̀ fún mọ́ṣáláṣí àti sàárè, ẹ fi Sátidé fún awọ àti ọjà, kẹ́ ẹ wá máa bọ̀ ní Sọ́ńdè.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó wọ inú odi ni bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, torí òun ló máa yọ yín nígbà tẹ́ ẹ bá ṣìnà. Ìlú náà wà ní àfonífojì. Ẹnubodè Bab Boujloud wà lókè, mọ́ṣáláṣí Qarawiyyin àti odò wà nísàlẹ̀. Òpópónà méjì, Talaa Kebira àti Talaa Sghira, ló sọ̀ kalẹ̀ láti Bab Boujloud lọ sí àárín ìlú, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́ ara wọn. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń sọ̀, ẹ ń lọ sápá Qarawiyyin. Bó bá ń gòkè, ẹ ń padà sí Boujloud. Èyí wúlò ju fóònù lọ, torí ògiri ga, ọ̀nà sì há débi pé máàpù á máa gbé yín sí kọ́rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ wà gan-an. Wọ́n máa ń ní kọ́rọ̀ inú odi náà lé ní 9,000, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì já síbì kan. Síbẹ̀, ẹ wa máàpù sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kó lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà.

Ẹnubodè Boujloud tẹ́ ẹ máa rí yìí, 1913 ni wọ́n kọ́ ọ, kò pẹ́ tó bó ṣe ń rí lójú. Búlúù ló wà lára rẹ̀ níta, àwọ̀ ewé ló wà nínú. Bẹ́ ẹ bá rí àwọ̀ ewé, inú ìlú lẹ ṣì wà.

Láti ibẹ̀, ẹ gba Talaa Kebira. Kò pẹ́ tẹ́ ẹ máa fi kan ilé kéú Bou Inania, tí Sultan Abu Inan kọ́ láàárín 1350 sí 1355. Ẹ má yára níbẹ̀. Ẹ wo ara ògiri láti ilẹ̀ lọ sókè: séráámíìkì wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi òòlù gé níkọ̀ọ̀kan ló wà nísàlẹ̀, ẹfun tí wọ́n fín ló tẹ̀ lé e, igi kedari tí wọ́n gbẹ́ ló wà lókè. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọnà á mọ̀ pé oníṣọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ṣiṣẹ́ lórí ògiri kan ṣoṣo. Mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ń kírun nínú rẹ̀ ni, torí náà wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn awòran lákòókò ìrun. Ilé kéú Attarine, 1323 sí 1325, wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Qarawiyyin. Ó kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ara rẹ̀ tún fínjú jù ú lọ. Owó ìwọlé sí wọn kò pọ̀, ẹ kàn máa ní owó ṣẹ́ńjì lọ́wọ́.

Ẹlẹ́rù Ọjà Ọba:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ọkọ̀ àti owó.

Ẹ má gbéra ní Òṣogbo lọ́jọ́ tí bàálù máa gbéra. Ẹ sùn sí Èkó. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó kò ṣeé fi ṣírò.

Tẹ́ ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Mohammed V, ẹ wọ rélùwéè níbẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ Casa-Voyageurs. Orúkọ yẹn ni kẹ́ ẹ dì mú, torí Casa-Port tún wà, ibẹ̀ kọ́ lẹ ń lọ. Ní Casa-Voyageurs lẹ ti máa wọ èyí tó ń lọ sí Fez. Ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, ó ń gba Rabat àti Meknes kọjá. Meknes ni ìlú ńlá tó kẹ́yìn kí Fez tó dé, nítorí náà bẹ́ ẹ bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ máa kó ẹrù jọ. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré gan-an tí wọ́n ń pè ní Al Boraq, Casablanca sí Tangier ló ń ná, kì í dé Fez. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ máa ní láti sọ̀ lọ́nà wọ òmíràn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ipò kìíní (first class), ó máa ń ní nọ́ńbà ìjókòó. Ní ipò kejì, bí èrò bá pọ̀, ẹ lè dúró, ìyẹn kò sì dáa fún orúnkún ìyá. Bí bàálù yín bá balẹ̀ lálẹ́ jù, ẹ sùn sí Casablanca kẹ́ ẹ wọkọ̀ láàárọ̀.

Takisí kékeré inú Fez pupa ni. Èrò mẹ́ta péré ló ń gbé, òfin ni, awakọ̀ kò ní gbà kẹ́ ẹ fún ara yín. Ẹ̀yin mẹ́rin máa nílò méjì, tàbí kẹ́ ẹ gba takisí ńlá kẹ́ ẹ ná an kẹ́ ẹ tó wọlé. Ẹ ní kí takisí kékeré tan mítà; «compteur» ni kẹ́ ẹ wí. Lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, wọ́n á fi ìdajì owó kún ohun tí mítà bá pè. Wọn kì í ṣe ojúkòkòrò, bí òfin ṣe wí nìyẹn.

Owó: dirham ni wọ́n ń ná, ẹ kò ní rí i rà kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Náírà kò wúlò lọ́hùn-ún rárá. Ẹ mú yúrò tàbí dọ́là tó mọ́, tí kò ya, tí wọn kò kọ nǹkan sí lára. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ ní pápákọ̀, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ìyókù ní báńkì nínú ìlú, kẹ́ ẹ sì tọ́jú rìsíìtì, torí wọ́n lè béèrè rẹ̀ bẹ́ ẹ bá fẹ́ yí dirham padà nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Kò yẹ kẹ́ ẹ mú ju 2,000 dirham jáde ní orílẹ̀-èdè wọn. Inú ìlú àtijọ́, owó ọwọ́ ni. Ìsọ̀ tó ń gba káàdì kò pọ̀. Ẹ dẹ̀ béèrè ní báńkì yín bóyá káàdì yín ń ṣiṣẹ́ lókè òkun.

Aláró Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á san án. A ti yí i sí Ọjọ́bọ̀. Ó ku ti ìyá. Ṣé ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn kò ní pọ̀ jù fún wọn? A tún gbọ́ pé àwọn ọmọkùnrin kan máa ń fẹ́ tẹ̀ lé àlejò kiri.

Alhaja Òkè-Fíà:

Ẹ má fi ìyá sílẹ̀ nílé o. Ẹ kàn má jẹ́ kí wọ́n gòkè. Ẹ gbé wọn lọ sí Bab Boujloud, kí wọ́n máa rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ sì jáde ní ìsàlẹ̀ níbi gbàgede R'cif. Mọ́tò ń dé R'cif, takisí pọ̀ níbẹ̀, kò sì jìnnà sí Qarawiyyin. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn sọ̀ dé ìsàlẹ̀ tán, kó wá ní òun fẹ́ padà gba ibi tó gbà wá. Níbi tí ẹsẹ̀ ti máa ń kọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ tiẹ̀ gbé ìyá lọ sí R'cif tààrà.

Mọ́ṣáláṣí Qarawiyyin, 859 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Fatima al-Fihri ni ìtàn sì sọ pé ó dá a sílẹ̀. Mùsùlùmí nìkan ló ń wọlé. Ẹ lọ ní àsìkò ìrun, torí wọ́n sábà máa ń ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn láàárín ìrun kan sí òmíràn. Àyè àwọn obìnrin wà lọ́tọ̀. Sàárè Sheikh wà ní zawiya, ìyẹn ilé ìjọsìn àwọn ará Tijaniyya, tó wà ládùúgbò Blida, kò jìnnà sí Qarawiyyin. Ọdún 1815 ni Sheikh papò dà ní Fez. Bẹ́ ẹ bá ń béèrè ọ̀nà, ẹ sọ pé «Zawiya Sidi Ahmed Tijani». Àwọn onísọ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa, torí àwọn èèyàn láti Senegal àti Nàìjíríà máa ń wá síbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ dé ṣáájú Alásárì kí ìyá lè ríbi jókòó sí. Aṣọ tó bo ara dé ọrùn ẹsẹ̀, ìborí tó nípọn, àti láílọ́ọ̀nù kan tẹ́ ẹ máa kó bàtà sí kẹ́ ẹ lè mú un dání. Ẹ má ya fọ́tò àwọn tó ń ṣe zikiri.

Nípa ilé: riad ni wọ́n ń pe àwọn ilé àtijọ́ tó ní àgbàlá láàárín. Wọ́n rẹwà, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn wọn ga, ó há, kò sì sí lífítì. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè yàrá ìsàlẹ̀ fún ìyá, ẹ béèrè ẹ̀rọ tó ń mú yàrá móoru, ẹ sì ní kí wọ́n rán ẹnì kan wá pàdé yín níbi tí mọ́tò ń dúró sí, torí mọ́tò kò lè dé ẹnu ọ̀nà wọn. Báàgì àgbékọ́ èjìká ló dáa. Òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń fọ́ táyà àpótí. Òtútù Kejìlá níbẹ̀ ju ọyẹ́ tiwa lọ dáadáa, òjò sì máa ń rọ̀. Ilẹ̀ onítáìsì yẹn máa ń tutù wọ egungun, nítorí náà ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn àti kóòtù dání, kì í ṣe súwẹ́tà nìkan. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀ sì ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Àwọn ọmọkùnrin yẹn, ohun tí wọ́n sábà ń sọ ni pé «ọ̀nà yìí ti dí» tàbí «wọ́n ti tì í». Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣòótọ́. Wọ́n fẹ́ mú yín lọ síbi tí wọ́n á ti gba owó ni. Ẹ fi sùúrù wí pé «la, shukran», kẹ́ ẹ máa lọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ afinimọ̀nà, ẹ ní kí ilé tẹ́ ẹ dé sí bá yín pe èyí tó ní báàjì ìjọba lọ́rùn, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ ṣáájú pé ẹ kò fẹ́ ya ìsọ̀ kankan. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ «balak!» lẹ́yìn, ẹ fara mọ́ ògiri kíá: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tàbí ìbaaka ń gbẹ́rù bọ̀, kì í sì í dúró. Kí ẹnì kan máa rìn lẹ́yìn ìyá nítorí èyí.

Ẹlẹ́lùú:

Ti awọ àti aró lèmi fẹ́ sọ, torí ohun tó kan àwa tá a ń rẹ aṣọ nìyẹn.

Chouara ló tóbi jù nínú àwọn ibi ìṣawọ Fez. Ẹ kò ní wọ inú kòtò. Orí òrùlé àwọn ìsọ̀ awọ tó yí i ká lẹ ti máa wò ó. Ẹni tó mú yín gòkè ń retí kẹ́ ẹ rajà, tàbí kẹ́ ẹ fún un ní 10 sí 20 dirham. Wọ́n á fún yín ní ewé míńtì kẹ́ ẹ fi sí imú. Ẹ gbà á. Ẹ lọ láàárọ̀ Sátidé, ìgbà yẹn ni òṣìṣẹ́ pọ̀.

Àwọn ìkòkò funfun lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹfun sísun, ìtọ̀ màlúù àti ìgbẹ́ ẹyẹlé pẹ̀lú omi ló wà nínú wọn. Ẹfun ló ń tú irun àti ọ̀rá kúrò lára awọ. Ìgbẹ́ ẹyẹlé ló ń mú awọ rọ̀ kí àwọ̀ lè wọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá yára kọjá ibẹ̀, awọ á le gbagidi, àwọ̀ kò ní dọ́gba. Ẹ̀yìn èyí ni wọ́n tó kó o lọ sínú àwọn ìkòkò aláwọ̀, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Aláró Òṣogbo á tètè mọ̀dí rẹ̀: ìpalẹ̀mọ́ ló ń gba àkókò, rírẹ kọ́.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra báàgì tàbí bàtà babouche, ẹ fi áńkáṣíìfù funfun tó tutù nu inú igun rẹ̀ kan. Bí àwọ̀ bá jáde púpọ̀, á ba aṣọ yín jẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gé: awọ gidi máa ń ní fọ́nrán, rọ́bà máa ń dán bí ìwé. Òórùn awọ tuntun kì í tètè lọ, ẹ tẹ́ ẹ síbi atẹ́gùn, ẹ má sá a sí oòrùn gangan kó má baà sán. Iye àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pè kì í ṣe iye tó ń tà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdajì tàbí kó dín sí i, ẹ sì lọ wo ìsọ̀ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ má padà láìdé òpópónà àwọn aláró, Souk Sabbaghine, nítòsí odò lẹ́yìn gbàgede Seffarine tí wọ́n ti ń lu bàbà. Òwú àti aṣọ ni wọ́n ń rẹ níbẹ̀. Wọ́n á pe aṣọ kan ní sabra, wọ́n á ní ara ewéko ni wọ́n ti yọ fọ́nrán rẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ rayon, ìyẹn òwú tí wọ́n ń ṣe nílé iṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fi iná kan òwú kan: bó bá yọ́ tó sì dì bíi rọ́bà, polyester ni, ẹ gbé e sílẹ̀. Bó bá jó bí ìwé, ó lè jẹ́ rayon tàbí ewéko, nítorí náà ẹ má san owó ewéko lé e lórí.

Ọmọ Òròkí:

Mo gbàgbé mẹ́ta. Ojú iná wọn kò gba púlọ́ọ̀gì oníka mẹ́ta tiwa. Onírin róbótó méjì ni tiwọn, ẹ ra àdápútà nílé. Aago wọn àti tiwa dọ́gba ní oṣù Kejìlá, inú Ramadan nìkan ni tiwọn máa ń fi wákàtí kan lẹ́yìn. Bí ẹnì kan nínú yín bá ní dírónù, kó fi sílẹ̀ ní Òṣogbo, torí àwọn aṣọ́bodè wọn máa gbà á ní pápákọ̀.