"Adùn-ọkàn" kọ́ ni rasa

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àbójútó èdè. Ọ̀gá wa tó dábàá "adùn-ọkàn" gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ Yorùbá fún rasa, ìmọ̀lára tí òǹwòran ń rí gbà nínú eré, ọ̀rọ̀ Sanskrit tí àwọn alámèyítọ́ ará Íńdíà fi ń yẹ eré Shakespeare wò: ẹ má bínú, kò bá a mu rárá.

Ohun tó dùn là ń pè ní adùn. Rasa mẹ́jọ ni Bharata kà nínú Nāṭyaśāstra, ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà lórí eré orí ìtàgé: ìfẹ́, ẹ̀rín, àánú, ìbínú, akin, ẹ̀rù, ìríra, ìyanu. (Ìkẹsàn-án, ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹ̀yìn ló dé, Abhinavagupta, alámèyítọ́ àtijọ́ kan, sì gbèjà rẹ̀ gidigidi.) Adùn wo ló wà nínú ìríra?

Ẹ ṣí Macbeth, apá kejì, ìran kejì. Ọkùnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ pa Ọba Duncan, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ ṣe àmín, àmín há a lọ́fun. Òru àti ìpànìyàn ni vibhāva, ohun tó fà á. Ọ̀fun tó dí ni anubhāva, ohun tí ara fi hàn. Àníyàn tó ń wá tó ń lọ ni vyabhicāribhāva, irú rẹ̀ 33 ni Bharata kà. Ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé ni rasa tó jáde. Ẹ̀rù tó ba Macbeth, bhāva ni, ìmọ̀lára ẹni inú eré. Èyí tí òǹwòran tọ́ wò ni rasa. "Adùn-ọkàn" da méjèèjì pọ̀. Ọkàn ta ni?

Oúnjẹ ni Bharata fúnra rẹ̀ fi ṣàpèjúwe: bí ẹni tó ń jẹun ṣe ń tọ́ èròjà inú ọbẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni òǹwòran. Nítorí náà "ìtọ́wò" ni mo fara mọ́. Ì- yẹn ni kókó: a- ti "adùn" fi í sínú ohun tí à ń jẹ, ì- fi í sọ́dọ̀ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Àwọn àgbà wa jẹ ewúro, wọn ò pe ìkorò rẹ̀ ní adùn, wọn ò sì dà á nù.

Ẹni tó mú "oje" wá náà gbìyànjú, nítorí rasa ń jẹ́ oje lóòótọ́ ní Sanskrit. Àmọ́ "òjé" ló kọ! Irin Ọbàtálá nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fàmì sí i bó ṣe yẹ.

"Ọlọ́kàn" tí ẹlòmíràn mú wá fún sahṛdaya ńkọ́? Akíkanjú là ń pè ní ọlọ́kàn. Òǹwòran tí ọkàn rẹ̀ bá eré rìn ni sahṛdaya, sa- sì ni "jọ". "Alájọlọ́kàn" ni mo rí. Ó gùn lẹ́nu, mo mọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú, tí "jọ" ò sì sọnù nínú rẹ̀, kó mú un wá.