Ọjọ́ tí mo ní kí bàbá olóyè dọ̀bálẹ̀ fún dókítà ẹ̀yìn

Olùkọ́ Ìjerò:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Èkìtì kete. Ẹnìkan béèrè lánàá bóyá a rí ẹni tó ti bá àwọn òyìnbó tó ń wá ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ rí. Èmi ti bá wọn ṣe é, ọjọ́ márùn-ún gbáko. Kì í ṣe ti ojú tàbí ti eyín tí a ti mọ̀ o. Chiropractor ni wọ́n, àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán tún ọ̀pá ẹ̀yìn àti oríkèé ṣe, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí oògùn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí ìlú fi ń pè wọ́n ní dókítà ẹ̀yìn.

Àwọn mẹ́rin ló wá láti Amẹ́ríkà, owó àpò ara wọn ni wọ́n fi wọ bàálù. Ìjọ kan ló gbà wọ́n lálejò ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Ìjerò. Kíláàsì méjì ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún wa. Tábìlì wọn ń ká bí àpótí, ó ní ihò níbi orí kí ojú lè wọ ibẹ̀, kí èèyàn sì lè mí. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa gbufọ̀. Olùkọ́ ni mí, mo rò pé bí ẹní fẹran jẹ̀kọ ni.

Ẹni kẹta tó wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni bàbá olóyè kan, wọ́n á ti lé ní 75 ọdún, fìlà lórí, ọ̀pá lọ́wọ́. Dókítà tó fẹ́ tọ́jú wọn, ọmọbìnrin tí kò tíì pé 30 ọdún. Ó ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n sùn, kí ojú wọn kọjú sílẹ̀. Ẹnu mi yá, mo ní, "Bàbá, ẹ dọ̀bálẹ̀ sórí tábìlì yìí."

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Bàbá wo tábìlì, wọ́n wo ọmọbìnrin náà, wọ́n wá wo èmi. "Tíṣà, ta lo ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún?" Wọ́n dìde. Obìnrin kan tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ pátápátá. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, èmi fúnra mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, mò ń bẹ̀ wọ́n. Dókítà rò pé ṣe ni mò ń fi bí wọ́n ṣe ń sùn sórí tábìlì han bàbá, ó ń mi orí sí mi pé mo ṣe é dáadáa.

Orí àga ló ti wá tọ́jú wọn níkẹyìn. Ó dúró sẹ́yìn wọn, ó fi ọwọ́ méjèèjì wá ibi tó le ní èjìká wọn bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Láti ìgbà náà, "ẹ da àyà délẹ̀" ni mò ń sọ fún gbogbo èèyàn, tọmọdé tàgbà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Wọ́n máa ń béèrè pé, láti oókan dé ẹ̀wá, mélòó ni ìrora yẹn? Mo bi ìyá kan tó ti ń gún iyán tà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń ka ìrora bí ẹni ka iṣu lórí ọ̀wọ́ ni?" Mo ní kí wọ́n ṣáà fojú bù ú. Wọ́n ní ẹ̀wá. Mo ní, ìrọbí ńkọ́? Wọ́n ronú díẹ̀. "Háà, ìrọbí ni ẹ̀wá. Èyí ò ju méjì lọ." Wọ́n tún fi ọwọ́ kan ìbàdí wọn. "Ṣùgbọ́n ìrọbí máa ń tán." Mo sọ ọ́ fún dókítà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò kọ méjì sílẹ̀, kò kọ ẹ̀wá sílẹ̀, gbólóhùn yẹn ló kọ.

Àwa náà ò sì sọ pé ó ń dùn wá lásán. Ó ń ro mí. Ó ń ta mí. Ó ń fà mí. Ó ń gún mi bí abẹ́rẹ́. Pajápajá mú mi. Ẹsẹ̀ mi kú tipiri. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mò ń kó gbogbo rẹ̀ sí ní èdè òyìnbó, títí dókítà àgbà inú wọn fi dá mi dúró pé, ṣé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ ni? Ìgbà tí mo ṣàlàyé, ó na ìwé sí mi kí n kọ wọ́n sílẹ̀ fún òun. Ó ní èyí tó ń ro lè jẹ́ ti iṣan ara, ṣùgbọ́n èyí tó ń ta láti ìbàdí lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ ń kú, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé nǹkan ń tẹ okùn ọpọlọ, tí òyìnbó ń pè ní nerve, tó gba ibẹ̀ kọjá. Bó bá jẹ́ pé ẹni náà ò lè di ìtọ̀ mú mọ́, ó ní kí n má dúró gbufọ̀ kankan, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ojú tì mí. Ọjọ́ kan àbọ̀ ni mo ti fi ń da àlàyé àwọn èèyàn nù.

Wàhálà tó kù ni ti ìró. Tí wọ́n bá tẹ ẹlòmíràn, á dún kẹ́kẹ́, gbogbo ìlà á sì hó yèè. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá dún á kọ̀, kò ní dìde. "Tèmi ò dún o! Ṣé nítorí mi ò mọ pásítọ̀ ni?" Dókítà ní kì í ṣe eegun ló ń dún. Omi wà nínú oríkèé bí òróró, tí wọ́n bá fà á lójijì, afẹ́fẹ́ á ṣí ihò nínú omi náà, ìyẹn ni a ń gbọ́. Bó dún, bí kò dún, kò fi bí ìtọ́jú ṣe ṣiṣẹ́ sí hàn. Mo sọ èyí tó ìgbà ogójì. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, lábẹ́ igi máńgòrò, dókítà àgbà yẹn sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ fún wa. Ọdún 1895 ni, ní ìlú Davenport ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ D. D. Palmer tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn Harvey Lillard, aláwọ̀ dúdú tó ń tọ́jú ilé tí ọ́fíìsì Palmer wà. Etí Lillard ti di tipẹ́, wọ́n ní bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn. Ìyá oníyán tó gbé oúnjẹ wá fún wa ní, "Etí ló di, ẹ̀yìn ni wọ́n tẹ̀?" Mo túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní ìbéèrè tí àwọn dókítà ilẹ̀ wọn ń bi wọ́n láti ìgbà yẹn nìyẹn. Ẹ̀yìn tó ń ro, ọrùn tó ń ro, irú ẹ̀fọ́rí kan, ibẹ̀ lòun mọ òun mọ.

Ohun tó dùn mí ni ọjọ́ kẹfà. Wọ́n ti lọ. Mo wá kó àga padà sí kíláàsì, mo bá èèyàn bí ogún lórí ìlà. Àwọn kan gun ọ̀kadà wá láti Ìdó. Èmi ni mo sọ fún wọn.

Ìyá Ìbejì, Adó:

Ẹ mà kú iṣẹ́ o, tíṣà. Tèmi kì í ṣe ẹ̀rín.

Àbúrò mi ọkùnrin ni ẹ̀yìn ń dùn, ó ń rù, òógùn ń bò ó lóru. Nǹkan kan wá ń yọ gọngọ láàárín ẹ̀yìn rẹ̀ bí iké. Bàbá tó ń to eegun ládùúgbò wa ti fi òrí wọ́ ọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ṣe ló ń burú sí i. Nígbà tí irú àwọn dókítà yìí wá, mo gbé e lọ. Dókítà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó bi í nípa ikọ́, nípa òógùn òru, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Ó lóun ò ní tẹ̀ ẹ́. Inú bí mi, mo ti tò láti aago márùn-ún ìdájí! Ìwé ló kọ fún mi pé kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Wọ́n ya fọ́tò eegun, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa: ikọ́ ife ló wọ inú eegun ẹ̀yìn. Mi ò mọ̀ pé ikọ́ ife máa ń kúrò láyà wọ ẹ̀yìn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀, ó lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó ń rìn báyìí, iké kékeré yẹn ṣáà kù.

Àgbẹ̀ Ìgbemọ̀:

Èmi náà lọ. Ara mi fúyẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo padà sóko ìrẹsì, ó di bákan náà. Dókítà bi mí pé kí ló dé tí ẹrú ọkọ́ wa kúrú tó bẹ́ẹ̀, pé bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ló ń pa ẹ̀yìn mi. Mo ní kó wá fi ẹrú gígùn kọ ebè kan ṣoṣo kí n wò ó.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n l'Ókè Òkun:

Iṣẹ́ yẹn gan-an ni mò ń ṣe, Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́ ọ. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì o. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2005, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ ní kíkún kò gbọdọ̀ gba ẹ̀kọ́ tó dín ní wákàtí 4,200.

Orílẹ̀-èdè Guatemala ni mo ti kọ́kọ́ lọ ṣe irú ìtọ́jú ọ̀fẹ́ yìí. Mo tẹ èèyàn 70 lọ́jọ́ kan, mo ya fọ́tò, mo gbé e síta, inú mi ń dùn. Lóru, mo gbìyànjú láti rántí ojú ẹnì kan nínú wọn, mi ò rí i. Láti ìgbà náà mi ò kọjá 20. Àwọn obìnrin àgbà tí eegun wọn ti fúyẹ́, mi ò kí í fi agbára tẹ̀ wọ́n, mi ò sì kí í yí ọrùn ẹnikẹ́ni bí mi ò bá tíì bi í ní ìbéèrè tó pọ̀, nítorí ó ṣẹlẹ̀ rí, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀, pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọrùn ya, tí ẹni náà sì rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ pe irú wa wá sí Èkìtì, ẹ bi wá léèrè ìwé àṣẹ. Èyí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ níbí kò bá mi débẹ̀. Mo ní láti kọ̀wé sí Medical Rehabilitation Therapists Board, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń fún irú wa ní ìwé àṣẹ, kí n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nílé. Ẹ sì jẹ́ ká ní àwọn oníṣẹ́ físíò (physiotherapist) ládùúgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láti ọjọ́ kìíní, kí èèyàn ogún ọjọ́ kẹfà yẹn lè rí ẹni bá.

Tíṣà, ẹ ò parí ìtàn. Bàbá olóyè yẹn ńkọ́?

Olùkọ́ Ìjerò:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. A pàdé níbi ìsìnkú kan lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Mo fẹ́ fara pamọ́, wọ́n ti rí mi. Wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Tíṣà, ọmọbìnrin yẹn, ìgbà wo ló tún ń bọ̀?"

Mo ní mi ò mọ̀, Bàbá.

"Tó bá dé, wá sọ fún mi láàárọ̀ kùtù, kí èrò tó pé. Màá dọ̀bálẹ̀."