Ìwé ìròyìn ní kíláàsì

Ìbéèrè (Ìkòròdú): Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń fi ìwé ìròyìn kọ́ ọmọ ọdún 9 sí 11 bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpinnu tó dáa?

Èsì: Ìròyìn kan lóòjọ́, ìṣẹ́jú 20, ó tó. Ẹ kọ́kọ́ kà á tán nílé, torí àwòrán ẹ̀jẹ̀ lè wà lẹ́yìn ojú ewé yẹn. Ẹ gé e, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ ibi tí ẹnì kan ti ṣe ìpinnu. Ẹ wá bi wọ́n pé: Kí ni ẹni yẹn tún lè ṣe? Ta ni ìpinnu yẹn kó sí wàhálà?

Èsì: Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó dáa?" o! Ohun tí tíṣà fẹ́ gbọ́ ni wọ́n máa sọ.

Èsì: Ìròyìn ọkọ̀ ojú omi bá Ìkòròdú mu gan-an. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ìpinnu awakọ̀ tó kó èrò jù sọ́tọ̀ kúrò lára ti èrò tí kò wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì.