Saul Williams: ṣé ìdíje ewì ló sọ ọ́ di òṣèré?

Àbẹ̀kẹ́ Eléwì:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Gbogbo ẹni tó bá dárúkọ Saul Williams ará Amẹ́ríkà ló ń sọ pé ìdíje ewì tí wọ́n ń pè ní slam ló gbé e dé inú fíìmù. Ṣé akéwì lè ti ibẹ̀ bọ́ síwájú kámẹ́rà báyẹn, láìkọ́ṣẹ́? Kí ló sì máa ń fún wọn níṣòro?

Ọmọ Tíátà:
Iṣẹ́ eré ló ṣáájú. Ó gboyè ní Morehouse College, Atlanta, kó tó lọ gba oyè kejì nínú eré ṣíṣe ní Tisch, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà lábẹ́ Yunifásítì New York. New York yẹn ló ti wọ Nuyorican Poets Cafe, ibi tí àwọn akéwì ti ń ké ewì, tó sì borí nínú Grand Slam, ìdíje àgbà wọn, ní 1996. Nígbà tí olùdarí Marc Levin fi í ṣe Ray Joshua nínú fíìmù Slam (1998), ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ ló mú. Fíìmù yẹn gba ẹ̀bùn àgbà ní àjọ̀dún fíìmù Sundance, ó tún gba Caméra d'Or, ẹ̀bùn fíìmù àkọ́kọ́ tó dáa jù, ní ti Cannes. Àmọ́ Williams wà lára àwọn tó kọ ìtàn náà, ewì ara rẹ̀ ló sì ń ké nínú ẹ̀. Òṣèré mélòó ló ń rí irú ààyè yẹn?

Alákòóso Ìtàgé:
Òótọ́ ni. Ti ìṣòro ńkọ́? Ẹ wo òfin slam: ìṣẹ́jú 3, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 10 àforíjì, tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀, máàkì 0.5 ń lọ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 kọ̀ọ̀kan. Adájọ́ 5 tí wọ́n ṣà láàárín èrò ìwòran ní ń fúnni ní 0 sí 10. Wọ́n á yọ èyí tó ga jù àti èyí tó kéré jù, wọ́n á ro mẹ́ta tó kù pọ̀. Kò sí orin, kò sí aṣọ eré. Akéwì á kọ́ bí wọ́n ṣe ń tètè gba ojú èrò. Tó bá gbé e dé iwájú kámẹ́rà, wàhálà dé: máìkì ti wà láyà ẹ̀, ohùn tó yẹ kó dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn á le jù. Tí kámẹ́rà bá sún mọ́ ojú, ṣíṣẹ́jú lásán ti tó ọ̀rọ̀.

Èyí tó burú jù ni pé akéwì máa ń há ọ̀rọ̀ sórí pẹ̀lú ìró rẹ̀. Olùdarí pààrọ̀ gbólóhùn kan, gbogbo ẹ̀ dàrú. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kẹ́ ẹ há a sórí láìgbé ohùn sókè-sódò rárá, kí ẹlòmíì máa ka ọ̀rọ̀ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣeré, kó máa yí bó ṣe ń kà á padà. Ibẹ̀ lẹ ti máa kọ́ gbígbọ́, torí òṣèré gbọ́dọ̀ dúró de èsì. Wọ́n á sì ya ìran kan náà láìmọye ìgbà: ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ti gbé ife sókè, orí ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti máa gbé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èdítọ̀ ò ní rí i lẹ̀ pọ̀.

Ìyá Fíìmù:
Sonja Sohn, akéwì slam tí wọ́n jọ ṣe Slam, ni àpẹẹrẹ tó dáa jù lójú tèmi. Ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ṣe nínú The Wire, eré orí tẹlifíṣàn, 2002 sí 2008. Kò síbi tí ewì fẹ́ gbà wọ ibẹ̀. muMs da Schemer, tí òun àti Williams jọ wà nínú ẹgbẹ́ Nuyorican ọdún 1996, akéwì ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n fi ṣe nínú Oz, eré tẹlifíṣàn míì, "Poet" gan-an lorúkọ ẹ̀ níbẹ̀. Williams fúnra ẹ̀ ṣe oníwàásù, bàbá Sammie, ọ̀dọ́ olórin inú ìtàn náà, nínú fíìmù Sinners (2025), ohùn akéwì wúlò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá Tey, fíìmù tí Alain Gomis yà ní Dakar, tó gba ẹ̀bùn àgbà FESPACO, àjọ̀dún fíìmù Áfíríkà, ní 2013: Williams ló ṣe ọkùnrin tó mọ̀ pé òní lòun máa kú, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Eléwì:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Èwo ni ká kọ́kọ́ wò?

Ìyá Fíìmù:
Slam, kẹ́ ẹ tó wo Tey. Nínú méjèèjì, ojú Williams ni kẹ́ ẹ máa wò nígbà tí ẹlòmíì bá ń sọ̀rọ̀.